Mo ti padà sínú Ìjọ Àgùdà: báwo ni ìgbàgbọ́ mi yóò ṣe ta gbòǹgbò?

Ọmọ-Pẹpẹ Àtijọ́ (Akóbọ̀)

Ẹ̀yin ará nínú Krístì, mo kí gbogbo yín. Ìlú Ìbàdàn ni wọ́n bí mi sí, ìjọ Àgùdà ti Òkè-Pádì ni wọ́n ti ṣe ìsàmì fún mi, ibẹ̀ náà ni mo sì ti ṣe ọmọ pẹpẹ, tí mo ń gbé àbẹ́là níwájú Fáda, tí mo sì ń lu agogo nígbà tí ó bá gbé Ara Olúwa, ìyẹn búrẹ́dì mímọ́ inú Mísà, sókè. Nígbà tí mo wọ yunifásítì ni mo bá àwọn ọ̀rẹ́ lọ sí ìjọ Pẹ́ńtíkọ́sì kan, mo sì lo ọdún 19 níbẹ̀. Wọ́n tún mi rì bọmi, ibẹ̀ ni mo ti pàdé ìyàwó mi, ibẹ̀ ni wọ́n ti so wá pọ̀, òun àti àwọn ọmọ wa méjèèjì sì ṣì ń lọ síbẹ̀ títí di òní. N kò ní sọ̀rọ̀ wọn láìdáa, nítorí ọ̀dọ̀ wọn ni mo ti kọ́ bí ènìyàn ṣe ń ka Bíbélì lójoojúmọ́.

Ikú bàbá mi ni ó dá mi padà. Kí n tó ti ibi iṣẹ́ délé ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tí ó kú, àwọn ìyá ìjọ ti kún àgbàlá wa, wọ́n ń ka Ròsárì. Wọ́n wá ní ìrọ̀lẹ́ kejì, wọ́n wá ní ẹ̀kẹta, wọn kò sì dẹ́kun títí a fi sin bàbá. Kò sí ẹnìkan nínú wọn tí ó bi mí pé ìjọ wo ni mo ń lọ. Nínú Mísà ìsìnkú, nígbà tí Fáda dárúkọ bàbá mi nínú àdúrà bí ẹni tí ó ṣì jẹ́ ọ̀kan lára wa, mo mọ̀ pé ilé mi ni mo wà.

Láti ìbẹ̀rẹ̀ Lẹ́ńtì tó kọjá ni n kò ti pa Mísà ọjọ́ Ìsinmi jẹ mọ́. Ṣùgbọ́n kí n má parọ́ fún yín, ọkàn mi gbẹ. Níbi tí mo ti ń bọ̀, bí a bá ṣe ìṣọ́ òru tán, ohùn mi á ti há, ara mi á gbóná, n ó sì mọ̀ pé mo gbàdúrà. Nínú Mísà, Fáda ń ka ohun tí ó wà nínú ìwé, àwa náà ń dáhùn ohun tí a ti mọ̀ sórí, kí n sì tó kó ọkàn mi jọ, wọ́n ti ní kí a máa lọ ní àlàáfíà. N kò tíì jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀. Ẹ̀rù ń bà mí, nítorí mo ti gbàgbé bí wọ́n ṣe ń ṣe é, ohun tí mo sì ní láti sọ pọ̀. Nígbà tí mo kúrò lọ́jọ́sí, ìbéèrè méjì péré ni ọ̀rẹ́ mi bi mí nípa Màríà, n kò sì rí èsì fún un. N kò fẹ́ kí irú rẹ̀ tún ṣẹlẹ̀ sí mi. Ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀? Ṣé ìwé ni kí n máa kà ni, àbí ẹgbẹ́ ni kí n wọ̀, àbí kí n máa ṣe nófénà, àdúrà ọlọ́jọ́ mẹ́sàn-án?


Ìyá Katikíìsì (Mọ́níyà)

Ọmọ mi, o káàbọ̀ sílé. Kí Ọlọ́run fún bàbá rẹ ní ìsinmi ayérayé.

Fi ọ̀rọ̀ ìwé àti ẹgbẹ́ sílẹ̀ ná, kí o lọ rí Fáda alákòóso ìjọ tí o ń lọ. Má lọ bá a lẹ́yìn Mísà ọjọ́ Ìsinmi, nígbà tí èrò bá yí i ká. Lọ sí ọ́fíìsì ìjọ láàárín ọ̀sẹ̀, kí o sì ní kí wọ́n fún ọ ní àkókò tí ẹ̀yin méjèèjì yóò lè jókòó. Ohun tí ó mú mi sọ bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó rẹ, èyí tí o kàn mẹ́nu bà tí o sì kọjá lọ. Òfin Ìjọ ni pé kí ẹni tí ó jẹ́ Kátólíìkì gbéyàwó níwájú àlùfáà tàbí díákónì àti ẹlẹ́rìí méjì, àfi bí Bíṣọ́ọ̀bù bá fún un láyè láti ṣe é lọ́nà mìíràn. Lílọ tí o lọ sí ìjọ mìíràn kò mú òfin náà kúrò lórí rẹ. Nítorí náà, ìgbéyàwó yín ń fẹ́ àtúnṣe kí o tó lè gba Ara Olúwa. Má jẹ́ kí ọ̀rọ̀ yìí bà ọ́ lẹ́rù. Mo ti rí tọkọtaya púpọ̀ tí wọ́n tún tiwọn ṣe ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, láìsí àríyá, láìsí aṣọ ẹbí. Ìjọ kò sì sọ pé dandan ni kí ìyàwó rẹ di Kátólíìkì. Ìwọ ni wọn yóò ní kí o ṣèlérí pé o ó ṣe gbogbo ohun tí ó bá wà ní agbára rẹ kí àwọn ọmọ lè dàgbà nínú ìgbàgbọ́ yìí, wọn yóò sì jẹ́ kí ìyàwó rẹ mọ̀ nípa ìlérí náà, kí ó má baà bá a lójijì.

Ìsàmì ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni. Èyí tí wọ́n ṣe fún ọ ní Òkè-Pádì nígbà tí o wà ní ìkókó ni ó dúró. Omi tí wọ́n tún rì ọ́ sí lẹ́yìn náà kò fi nǹkan kan kún un, kò sì yọ nǹkan kan kúrò. Orúkọ rẹ ṣì wà nínú ìwé àkọsílẹ̀ ìsàmì tí ó wà níbẹ̀. Lọ gba ìwé ẹ̀rí tuntun, nítorí wọn yóò béèrè rẹ̀ nígbà tí ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó bá dé.

Ní ti ìjẹ́wọ́, ẹni tí ó ti pẹ́ jù ni àwọn Fáda máa ń fi sùúrù gbà jù. Bí o bá kúnlẹ̀, sọ fún un pé ó ti tó bí ogún ọdún tí o ti jẹ́wọ́ kẹ́yìn, pé o ti gbàgbé bí wọ́n ṣe ń ṣe é, kí ó ràn ọ́ lọ́wọ́. Yóò máa bi ọ́ léèrè, ìwọ yóò sì máa dáhùn. Àwọn ẹ̀ṣẹ̀ ńláńlá tí o bá rántí ni kí o dárúkọ, irú èyí tí wọ́n jẹ́ àti bí wọ́n ṣe pọ̀ tó; ìtàn tí ó yí wọn ká kì í ṣe dandan. Ohun tí o bá sọ níbẹ̀, Fáda kò gbọdọ̀ sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni láyé, bí ẹ̀mí rẹ̀ tilẹ̀ wà nínú ewu. Mo ti ń kọ́ àwọn ènìyàn ní katikísìmù, ìyẹn ẹ̀kọ́ ìgbàgbọ́ Ìjọ, láti ìgbà tí àwọn ọmọ mi ti wà ní kékeré, n kò sì tíì rí ẹni tí ó jẹ́wọ́ tán tí ó kábàámọ̀ pé òun lọ.


Akẹ́kọ̀ọ́ Sámọ́ńdà

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú ìpadàbọ̀. Ọ̀dọ̀ àwọn àlùfáà ẹgbẹ́ Dòmíníkánì ní Sámọ́ńdà ni mo ti ń kọ́ ẹ̀kọ́ nípa ìgbàgbọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé n kì í ṣe àlùfáà, n kò sì fẹ́ di àlùfáà. Ohun tí ẹ sọ nípa Mísà ni ó wọ̀ mí lọ́kàn jù, pé Fáda ń ka ohun tí ó wà nínú ìwé. Òótọ́ ni; ṣùgbọ́n ẹ wo ibi tí ọ̀rọ̀ inú ìwé náà ti wá.

Kí á tó gba Ara Olúwa, a máa ń sọ pé a kò yẹ kí Olúwa wọ abẹ́ òrùlé wa. Ọ̀rọ̀ balógun ọ̀rún ni, Mátíù 8:8, ará Róòmù tí kì í tilẹ̀ ṣe ọmọ Ísírẹ́lì. Nígbà tí a bá ń kọrin pé Mímọ́, mímọ́, mímọ́, orin àwọn séráfù tí wòlíì Àìsáyà gbọ́ nínú tẹ́ḿpìlì ni, orí 6, ẹsẹ 3. Nígbà tí Fáda bá gbé Ara Olúwa sókè tí ó ní kí a wo Ọ̀dọ́ Àgùntàn Ọlọ́run, ohùn Jòhánù Onítẹ̀bọmi ni ó ń lò, Jòhánù 1:29. Ẹ̀yin tí ẹ ti fi ọdún 19 ka Bíbélì, ohun tí àwa tí a kò kúrò nílé ń gbọ́ tí a fi ń sùn nínú Mísà ni ẹ lè fi etí titun gbọ́. Mo bẹ̀ yín, ẹ ṣe èyí fún oṣù kan: ẹ mú ìlà kan ṣoṣo nínú Mísà lọ́sẹ̀, ẹ wá ibi tí ó wà nínú Bíbélì, ẹ ka gbogbo orí náà, kí ẹ sì dúró de ìlà yẹn ní ọjọ́ Ìsinmi.

Ọ̀rọ̀ Màríà pẹ̀lú bẹ́ẹ̀ ni. Ìdajì àkọ́kọ́ nínú àdúrà Mo kí ọ, Màríà, inú Lúùkù orí kìíní ni ó ti wá: ìkíni áńgẹ́lì ní ẹsẹ 28, ìkíni Èlísábẹ́tì ní ẹsẹ 42. Ní ẹsẹ 48, Màríà fúnra rẹ̀ sọ pé gbogbo ìran ni yóò máa pe òun ní alábùkún fún. Ẹni tí ó bá bi yín pé kí ló dé tí ẹ fi ń kí i, ẹ ṣí orí náà fún un, kí ẹ jọ kà á.

Àwọn ìwé kíkà ọjọ́ Ìsinmi máa ń lọ yípo fún ọdún mẹ́ta: Mátíù ní ọdún kan, Máàkù ní èkejì, Lúùkù ní ẹ̀kẹta, Jòhánù sì ń wọlé jù ní àkókò Lẹ́ńtì àti Àjíǹde. Bí ẹ bá ń ka Ìhìnrere ọjọ́ Ìsinmi láti Ọjọ́bọ̀, kì yóò bá yín lójijì mọ́. Ní ti Katikísìmù Ìjọ Kátólíìkì tí Póòpù John Paul Kejì fọwọ́ sí ní ọdún 1992, ìpínrọ̀ 2865 ni ó ní, ó sì pín sí ọ̀nà mẹ́rin: ohun tí a gbàgbọ́, àwọn Sákírámẹ́ǹtì, ìwà híhù, àti àdúrà. Ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń bẹ̀rẹ̀ láti ojú ìwé kìíní, wọ́n sì máa ń dákẹ́ ṣáájú ìpínrọ̀ 200. Èmi yóò ní kí ẹ̀yin bẹ̀rẹ̀ láti apá kẹrin, ní ìpínrọ̀ 2558. Ìpínrọ̀ kan lójúmọ́, ẹ ó parí rẹ̀ kí ọdún kan tó pé. Ẹ ó sì rí i ní ìpínrọ̀ 2731 pé gbígbẹ ọkàn tí ẹ ń sọ yìí, Ìjọ mọ̀ ọ́n, ó sì ní orúkọ fún un.


Bàbá Ìbejì (Apẹ̀tẹ̀)

Arákùnrin mi, èmi náà lọ, èmi náà padà. Ẹ má ju ohun tí ẹ kọ́ lọ́hùn-ún nù. Ẹgbẹ́ Kárísímátíìkì wà nínú Ìjọ Kátólíìkì, láàárín àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ gíga ní Pittsburgh, ní Amẹ́ríkà, ni ó ti bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1967, kò sì sí Póòpù kan láti ìgbà náà tí ó lé e jáde. A ń kọrin, a ń pàtẹ́wọ́, a ń gbàdúrà láti inú ọkàn, a sì ń lọ sí Mísà. Ẹ béèrè ọjọ́ ìpàdé wọn ní ìjọ yín, kí ẹ sì wọlé. Òun ni ó gbé mi dúró nígbà tí mo fẹ́ tún padà sẹ́yìn.


Nọ́ọ̀sì Òkè-Àdó

Mo bọ̀wọ̀ fún ọ̀rọ̀ Bàbá Ìbejì, mo sì mọ̀ pé ẹgbẹ́ náà ti ran ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ́wọ́. Síbẹ̀, èmi kò ní gba ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé nímọ̀ràn pé kí ó wọ ẹgbẹ́ kankan títí ọdún kan yóò fi yí po. Nígbà tí mo padà, ẹgbẹ́ mẹ́rin ni mo wọ̀ láàárín oṣù mẹ́ta. Kò pẹ́ tí mo fi ní aṣọ ẹgbẹ́ mẹ́rin, owó ẹgbẹ́ mẹ́rin, àti ìpàdé lórí ìpàdé. Mo mọ gbogbo ènìyàn nínú ìjọ, ṣùgbọ́n mo lè lo ọ̀sẹ̀ méjì láìbá Ọlọ́run sọ̀rọ̀ ní èmi nìkan. Kí ọdún tó parí, ó rẹ̀ mí, mo sì fi gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, díẹ̀ ló kù kí n tún fi Mísà pàápàá sílẹ̀.

Ohun tí ó mú mi dúró kéré gan-an. Mo máa ń lọ jókòó níwájú Sákírámẹ́ǹtì Mímọ́, ìyẹn Ara Olúwa tí ó wà nínú ilé ìjọsìn, fún wákàtí kan lọ́sẹ̀, ní ọjọ́ tí n kò bá sí lẹ́nu iṣẹ́ òru. Fún oṣù mélòó kan, n kò gbọ́ nǹkan kan, n kò rí nǹkan kan, mo kàn ń wo aago ni. Nígbà náà ni mo ka ìtàn Ìyá Teresa ti Calcutta, tí Póòpù Francis kéde ní ẹni mímọ́ ní ọdún 2016. Lẹ́yìn ikú rẹ̀ ní ọdún 1997 ni ayé mọ̀, láti inú àwọn lẹ́tà tí ó kọ sí àwọn àlùfáà tí ń tọ́ ọ sọ́nà, pé òkùnkùn wà nínú ọkàn rẹ̀ fún bí àádọ́ta ọdún, síbẹ̀ kò fi iṣẹ́ rẹ̀ láàárín àwọn tí ń kú lọ ní òpópónà sílẹ̀. Mo sunkún nígbà tí mo kà á, nítorí mo ti rò pé ara mi tí kò gbóná ni àmì pé Ọlọ́run kò sí níbẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n, àdúrà kan, ní àkókò kan náà, lójoojúmọ́. Ìjẹ́wọ́ lóṣooṣù lẹ́yìn tí ẹ bá ti jẹ́wọ́ ńlá yìí tán. Kí ẹ sì máa rí aláìsàn kan tàbí opó kan nínú ìjọ tí ẹ ó máa bẹ̀ wò. Ẹ ti rí agbára èyí tí ó kẹ́yìn yìí fúnra yín, ní àgbàlá bàbá yín.


Ọmọ-Pẹpẹ Àtijọ́ (Akóbọ̀)

Ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin àbúrò, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín. Ìyá Katikíìsì, ọ̀rọ̀ yín bá mi lójijì, nítorí n kò mọ̀ pé òfin náà ṣì kàn mí. Mo lọ sí Òkè-Pádì ní Ọjọ́rú. Akọ̀wé ṣí ìwé ńlá kan tí etí rẹ̀ ti gbó, ó fi ìka tọ ìlà kan tẹ̀ lé òmíràn, orúkọ mi sì wà níbẹ̀, orúkọ bàbá mi sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó pẹ́ kí n tó lè sọ̀rọ̀.

Mo fi ọ̀rọ̀ balógun ọ̀rún bẹ̀rẹ̀ lọ́sẹ̀ yìí bí Akẹ́kọ̀ọ́ Sámọ́ńdà ti wí. Mo ti wàásù láti inú Mátíù orí 8 rí níbi tí mo wà tẹ́lẹ̀, n kò sì fìgbà kan rò pé ọ̀rọ̀ rẹ̀ ni mo ń sọ nígbà tí mo wà lọ́mọdé lẹ́bàá pẹpẹ. Ní ọjọ́ Ìsinmi, nígbà tí gbogbo ìjọ sọ ọ́, mo jókòó síbi tí mo wà nígbà tí àwọn yòókù jáde lọ gba Ara Olúwa, mo sì tún un sọ fúnra mi.

Mo ti bá ìyàwó mi sọ ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó náà. Ìbéèrè rẹ̀ pọ̀, pàápàá lórí àwọn ọmọ, n kò sì mọ èsì gbogbo wọn. Ó ní kí n kọ wọ́n sílẹ̀. Fáda yóò rí wa ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó ń bọ̀ ní agogo márùn-ún ìrọ̀lẹ́, ìyàwó mi sì ti gbà láti bá mi lọ.