Èsì lórí "ajàfálàáfíà": "jà" kò tọ́ sórúkọ àwọn ìyá yìí

Ẹ̀yin ará, mo kí gbogbo ilé. Àbúrò wa kan tó ń túmọ̀ ìròyìn ló pe àwọn obìnrin Ísírẹ́lì àti Palẹstínì tó ń wọ́de pé kí ogun tán ní "ajàfálàáfíà". Ẹ̀gbọ́n wa tó wà ní Ìbàdàn fìbínú dá a lóhùn pé "onílàjà" ti wà nílẹ̀ kí wọ́n tó bí i, pé Bíbélì pàápàá lò ó nínú Mátíù 5:9. Láti ìgbà náà, àfòmọ́ àti ohùn là ń bára wa fà, kò sẹ́ni tó tún wo àwọn obìnrin náà fúnra wọn.

Ìlànà tí àbúrò wa fi ṣẹ̀dá ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò lábùkù. Ẹni tó bá ti gba "ajàfẹ́tọ̀ọ́" kò lẹ́nu láti fi lé "ajàfálàáfíà" jáde. "Jà" yẹn gan-an ló ń bí mi nínú. Lójú tèmi, inú orúkọ Gẹ̀ẹ́sì ẹgbẹ́ àwọn obìnrin Ísírẹ́lì nínú wọn, Women Wage Peace, ló ti wá, nítorí ọ̀rọ̀ tí Gẹ̀ẹ́sì máa ń lò fún ogun ni wọ́n so mọ́ àlàáfíà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n lédè Hébérù, Nashim Osot Shalom ni ẹgbẹ́ náà ń jẹ́ láti 2014 tí wọ́n ti dá a sílẹ̀ lẹ́yìn ogun Gásà ọdún yẹn: àwọn obìnrin tó ń ṣe àlàáfíà. "Ṣe" ni wọ́n wí. Wọn ò dárúkọ ìjà rárá. Kí ló wá kàn wá, tí a ó fi máa bá Gẹ̀ẹ́sì ru ìjà lé wọn lórí?

Ẹnìkan ti sọ pé "jà" kì í ṣe ọ̀rọ̀ burúkú, pé àwọn àgbà ló wí pé "à ń jà, bíi ká kú kọ́". Òótọ́ ni, àmọ́ ìjà ọmọ ìyá ni wọ́n ń wí, èyí tí wọ́n á jọ jẹun lẹ́yìn rẹ̀. Ní 7 Oṣù Kẹwàá 2023, nǹkan bí ènìyàn 1,200 ni wọ́n pa ní Ísírẹ́lì. Àwọn tó ti kú ní Gásà látìgbà náà ti lé ní 60,000, gẹ́gẹ́ bí iléeṣẹ́ ìlera ibẹ̀ ti kà á. Òwe yẹn ò bá ọ̀rọ̀ yìí mu.

Ẹ̀gbọ́n, mo bọ̀wọ̀ fún yín, mo sì mọ̀ pé ẹ ti ń túmọ̀ ìwé kí ọ̀pọ̀ nínú wa tó mọ ìwé kà. Èmi náà kọ́ àwọn ọmọ girama ní èdè yìí títí mo fi fẹ̀yìn tì. Ṣùgbọ́n ta ni onílàjà? Àwọn àgbà tó tọ́ mi ní Ọ̀yọ́, bí wọ́n bá fẹ́ làjà, ẹni tí ọ̀rọ̀ ò kàn ni wọ́n ń fi sáàárín. Ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ kì í jókòó síbẹ̀. Àwọn àgbà yẹn kì í gbé ọ̀rọ̀ sípò tí kì í ṣe tirẹ̀, ó sì ń dùn mí pé a ti ń sọ ìyẹn nù. Ẹ wá wo Yitzhak Frankenthal, ará Ísírẹ́lì. Hamas, ẹgbẹ́ ajagun Palẹstínì kan, jí ọmọ rẹ̀, Arik, gbé ní 1994, wọ́n sì pa á. Ní 1995 bàbá yìí dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ tí àwọn òbí tí ogun pa ọmọ wọn, láti ìhà méjèèjì, ti ń pàdé ara wọn. Ìdílé tó wà níbẹ̀ báyìí lé ní 600. Bàbá tí wọ́n pa ọmọ rẹ̀ kì í ṣe onílàjà. Òun ló lọ̀ràn.

"Apẹ̀tùsáàwọ̀" tí ẹlòmíràn mú wá tún fúyẹ́ jù. Aáwọ̀ ni ti tọkọtaya, ti àwọn tó jọ ń gbé inú ọgbà kan. Ogun tó ti ń jà bọ̀ láti 1948, tí ilẹ̀ Palẹstínì tí Ísírẹ́lì gbà ní 1967 ṣì wà lábẹ́ ṣọ́jà dòní, ẹ má pè é ní aáwọ̀.

Ẹni tó wà lọ́kàn mi bí mo ṣe ń kọ èyí ni Vivian Silver. Kánádà ni wọ́n bí i sí, ó sì wà lára àwọn tó dá Nashim Osot Shalom sílẹ̀. Ó máa ń fi ọkọ̀ gbé àwọn aláìsàn Gásà láti ẹnubodè lọ sí ilé ìwòsàn ní Ísírẹ́lì. Ní 4 Oṣù Kẹwàá 2023, ẹgbẹ́ rẹ̀ àti Women of the Sun, ẹgbẹ́ àwọn obìnrin Palẹstínì tó bẹ̀rẹ̀ ní 2021, jọ pé jọ ní Jerúsálẹ́mù àti létí Òkun Iyọ̀, wọ́n ń bẹ àwọn olórí pé kí wọ́n padà sórí ìjókòó àlàáfíà. Ọjọ́ mẹ́ta lẹ́yìn náà, nínú ìkọlù 7 Oṣù Kẹwàá yẹn, wọ́n pa á ní Be'eri, ìletò tó ń gbé nítòsí Gásà. Ó wá di "ajà" kí ni?

Ibì kan wà tí mo ti gba "jà" láìjanpata: Combatants for Peace, tó bẹ̀rẹ̀ ní 2006. Àwọn tó ti ṣe ṣọ́jà Ísírẹ́lì àtàwọn Palẹstínì tó ti gbé ohun ìjà rí ló para pọ̀ síbẹ̀. Àwọn fúnra wọn ló pe ara wọn ní jagunjagun.

Fún àwọn ìyá, "awálàáfíà" ni mo fara mọ́, ohùn òkè lórí "wá", bíi ti "wáyè". Ẹni tó kọ "awàlàáfíà" ti lọ mú "wà" tí a fi ń wa ọkọ̀, tí a fi ń wa kùsà. Ẹ jọ̀ọ́, àmì ohùn kì í ṣe ẹ̀ṣọ́.

Ní ti ẹni tó ní ká yọ "àlàáfíà" nítorí pé ọ̀dọ̀ Lárúbáwá ló ti wá, ká fi "ìrẹ́pọ̀" rọ́pò rẹ̀, mi ò gbà. Ogun lè dáwọ́ dúró kí ìrẹ́pọ̀ tó dé. Àwọn bàbá wa fi "ṣé àlàáfíà ni" kí ara wọn títí wọ́n fi lọ, ó ti di tiwa.

Ohun kan ṣẹ́ kù. Nínú ìtumọ̀ tó wọlé lánàá, wọ́n kọ "Àwọn Obìnrin Dúdú" fún Women in Black, àwọn tó ti ń dúró ní Jerúsálẹ́mù lọ́jọ́ Ẹtì láti 1988 láti tako bí Ísírẹ́lì ṣe fi ṣọ́jà gba ilẹ̀ Palẹstínì. Aṣọ wọn ló dúdú, kì í ṣe ara wọn. Kí ẹni tó ni í bá wa tún un ṣe sí "Obìnrin Aláṣọ Dúdú" kí àwọn oníròyìn tó gbé e.