Kí ló yẹ kí n bi agbanisíṣẹ́ bó bá ní, “Ṣé o ní ìbéèrè?”

Ìbéèrè
Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n àti ojúgbà mi, mo kí yín o. Ní ọjọ́ Ajé tó kọjá, mo lọ fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò ní ilé-iṣẹ́ kan. Gbogbo ohun tí wọ́n bi mí ni mo dáhùn, títí tí ọ̀gá tó jókòó láàárín fi pa fáìlì dé, tó wò mí lójú, tó sì ní bóyá èmi náà ní ohun tí mo fẹ́ bi wọ́n. Mo ní rárá. Ó mi orí, ọ̀rọ̀ sì parí síbẹ̀. Láti ọjọ́ náà ni ọkàn mi kò ti balẹ̀, nítorí ilé-iṣẹ́ mìíràn ti tún pè mí fún ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Ẹ jọ̀wọ́, kí ni mo lè bi wọ́n tí wọn kò fi ní kà mí sí aláfojúdi?

Ìdáhùn kìíní
Àbúrò mi, kò sí àfojúdi níbẹ̀. Bí wọ́n ti ń yẹ̀ ọ́ wò ni ìwọ náà ń yẹ̀ wọ́n wò. Èyí tí n kì í fò ni pé, “Kí ló mú kí àyè iṣẹ́ yìí ṣófo?” Ó lè jẹ́ pé wọ́n gbé ẹni tó wà níbẹ̀ ga ni, ó sì lè jẹ́ pé ẹni kẹta ló ń lọ yẹn láàárín ọdún kan. Níbì kan tí mo ti bi wọ́n bẹ́ẹ̀, àwọn méjì tó ń fọ̀rọ̀ wá mi lẹ́nu wò kọ́kọ́ wo ara wọn, ìdáhùn wọn kò sì lórí, kò nídìí. Síbẹ̀ mo gba iṣẹ́ náà, oṣù márùn-ún péré ni mo lè fara dà á.

Ìdáhùn kejì
Òótọ́ ni ẹ̀gbọ́n sọ, ṣùgbọ́n ẹ wo ẹni tí ẹ ń bi. Ẹni tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ ló mọ̀ nípa ìsinmi àti ìgbà tí èsì yóò jáde. Ẹni tí yóò jẹ́ ọ̀gá yín gan-an ni kí ẹ bi léèrè ohun tó fẹ́ kí ẹ ti ṣe yọrí láàárín 90 ọjọ́ àkọ́kọ́, àti ohun tí yóò fi mọ̀ pé ẹ ṣe é dáadáa. Bí kò bá rí nǹkan pàtó sọ, a jẹ́ pé òun fúnra rẹ̀ kò tíì mọ iṣẹ́ tó fẹ́ gbé lé yín lọ́wọ́. Ẹ má bi wọ́n ní ohun tó ti wà nínú ìkéde iṣẹ́ náà. Ní ti owó oṣù, ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ́kọ́ mẹ́nu bà á.

Olùbéèrè
Ẹ ṣeun púpọ̀. Ṣé mo lè kọ àwọn ìbéèrè náà sínú ìwé, kí n mú un dání wọlé?

Ìdáhùn kejì
Ẹ mú un dání. Ẹ kọ tó márùn-ún, nítorí wọ́n lè ti sọ ìdáhùn méjì tàbí mẹ́ta kí ó tó kàn yín láti bèèrè.