Orin fíìmù: kí ló ń mú kí ohùn tutù bíi yìnyín?

Ará Mọ́kọ́lá: Ẹ ǹlẹ́ níbẹ̀ o. Fíìmù kan wà lọ́wọ́ wa n'Íbàdàn, ìṣẹ́jú méjì nínú rẹ̀ jẹ́ ilẹ̀ yìnyín ní Norway. Fáyólíìnì orí kíbọọ̀dù la fi sí i, C minor (nótì C, E-flat àti G), ńṣe ló ń dún bí ìsìnkú. Kò tutù rárá. Àbí ká gbé gòjé sí i ni?

Oníkíbọọ̀dù Bódìjà: Ohùn tẹ́ ẹ lò yẹn ń gbọ̀n, ohun tó bà á jẹ́ nìyẹn. Ó jọ ẹni tó ń kọrin, ó sì máa ń gbóná. Ẹ wá èyí tí wọ́n kọ “non vibrato” (láìgbọ̀n) sí, tàbí “sul ponticello”, níbi tí wọ́n ti ń fa ọrun lẹ́bàá afárá tó gbé okùn dúró. Ìsàlẹ̀ ohùn á rọ, òkè á máa han gooro. Kẹ́ ẹ sì yọ E-flat kúrò. Nótì yẹn ló ń sunkún! Ẹ jẹ́ kí C wà nísàlẹ̀ pátápátá, G lókè téńté, kí àárín ṣófo. Ohùn obìnrin tí kò sọ ọ̀rọ̀ kankan náà dáa. Vaughan Williams, akọrin-sílẹ̀ ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, lò ó pẹ̀lú ẹ̀rọ tó ń dún bí afẹ́fẹ́ nínú orin fíìmù *Scott of the Antarctic*, 1948.

Agbohùnsílẹ̀ Agodi: Tí ẹ ò bá ní sáńpù (ohùn tí wọ́n ti gbà sílẹ̀) tó dáa, ife wáìnì mẹ́ta tó fẹ́lẹ́ ti tó. Ẹ fi ọṣẹ fọ ìka àti etí ife, torí tí ọ̀rá bá wà níbẹ̀, ìka á kàn máa yọ̀ ni. Ẹ rẹ ìka sómi, ẹ máa fi yí etí ife jẹ́jẹ́. Bí omi inú rẹ̀ bá ṣe ń pọ̀ sí i ni ohùn ń lọ sílẹ̀, nítorí náà ṣíbí kékeré ni kẹ́ ẹ fi máa bu omi sí i títí tá á fi bá C yín mu. Ẹ gbé máìkì sẹ́gbẹ̀ẹ́, bíi sẹ̀ǹtímítà 20, kì í ṣe lókè, kí omi má ta sí i. Ẹ pa fáànù àti jẹnẹrétọ̀ o! Ohùn ife kò lágbára.

Alápòpọ̀ Òkè-Àdó: Ẹ wo àwòrán ná kẹ́ ẹ tó fi ríífàbù, ìyẹn ìró tó ń pẹ́ nílẹ̀ lẹ́yìn ohùn, sí i. Òjò dídì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ máa ń gbé ohùn mì ni, ẹ jẹ́ kó gbẹ níbẹ̀. Yìnyín líle àti àpáta ló ń dá ohùn padà: ìṣẹ́jú àáyá 4 sí 5 ò burú, ṣùgbọ́n ẹ gé ohùn ìsàlẹ̀ tó wà lábẹ́ 250 Hz kúrò nínú ríífàbù yẹn, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ gbogbo rẹ̀ á ki. Agogo wẹ́wẹ́ lè dún níbẹ̀, ẹyọ kan lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Tó bá ti pọ̀, Kérésì ló dé yẹn. Gòjé kẹ̀? Irun ẹṣin tó ń ha irun ẹṣin! Eruku ọyẹ́ nìyẹn máa mú wá sọ́kàn.