Ilà ni, kì í ṣe "ìlà gíga"

Ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin olólùfẹ́ èdè, mo kí yín o.

Ẹni tó kọ̀wé lánàá ní kí a máa pe àwọn ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ tó yípo òkè nínú máàpù àtijọ́ (contour lẹ́nu Òyìnbó) ní "ìlà gíga". N kò gbà. Ilé gíga ni ilé tó ga, igi gíga ni igi tó ga. Ìlà wo ló wá ga níbẹ̀? Ilẹ̀ ló ga. Ibi tí gíga wọn dọ́gba ni ìlà náà so pọ̀.

"Ilà ilẹ̀" ni kí ó jẹ́: ohùn àárín lórí fáwẹ̀lì àkọ́kọ́, bí ilà ojú. Ojú ilẹ̀ náà kọ́ là ń wí? Ojú la sì ń kọ ilà sí. A ń fi pélé àti àbàjà mọ ará ibi téèyàn jẹ́. Ilà ilẹ̀ náà ń sọ irú òkè tó jẹ́. Ẹ gbé máàpù 1:50,000 tí Federal Surveys, iléeṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó ń ya máàpù, tẹ̀ ní àwọn ọdún 1960 wò: ilẹ̀ tí ilà kan gbà kọjá fi ẹsẹ̀ bàtà 50 ga ju ti èyí tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀ lọ. Ní agbègbè Ìdànrè, wọ́n há mọ́ra gádígádí, àmì pé òkè ibẹ̀ ṣòro gùn. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n kà yóò rí ìdí tí àwọn baba ibẹ̀ fi tẹ̀dó sórí òkè, tí ogun kò fi rọrùn láti ká wọn mọ́.

Ẹ má sọ pé ọ̀rọ̀ náà ṣàjèjì. Títa ríro là á kọlà, bó bá jinná tán ní í doge.

Ẹ̀dùn ọkàn mi kejì: máàpù wọ̀nyẹn kò fi àmì ohùn sórí orúkọ. "Oko" wà níbẹ̀, ṣé oko ni àbí òkò? Mo mú ọ̀kan lọ sí oko bàbá mi àgbà láti wá abúlé kan tí wọ́n kọ síbẹ̀. Pèrègún nìkan ni mo bá. Bàbá tó mú mi débẹ̀ ní, "Ahoro wa nìyí." Ẹnìkan níhìn-ín wá fẹ́ kí a máa kọ "àlàpà" fún irú ibi bẹ́ẹ̀. Àlàpà ni ògiri tó wó. Ahoro ni ibi téèyàn ti ṣí kúrò, ògiri ì báà dúró síbẹ̀. Ẹni tó fẹ́ "àlàpà" ní olùkọ́ èdè lòun. Ẹnu ẹni tí wọ́n bí síbẹ̀ lèmi ti gbọ́ tèmi.

Ẹ̀yin ará Òkè-Ògùn àti Èkìtì, kí lẹ ń pe ahoro lọ́dọ̀ yín?