Ẹ bá mi wò ó: ṣé ilé wa yìí gba ológbò?

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará. Ìbàdàn ni mò ń gbé, lápá Orógun, òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kejì. Obìnrin kan ládùúgbò wa máa ń kó àwọn ológbò tí wọ́n pa tì sójú títì, á tọ́jú wọn, á sì wá ilé fún wọn. Ọ̀kan wà lọ́wọ́ rẹ̀ báyìí, abo ni, àwọ̀ eérú. Àpá okùn ṣì wà lọ́rùn rẹ̀ níbi tí wọ́n so ó mọ́ nínú ọjà. Lọ́jọ́ tí mo rí i, ó fi orí ra mí lẹ́sẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ó padà sábẹ́ àga. Láti ọjọ́ náà ni ọkàn mi ò ti kúrò lára rẹ̀.

Obìnrin náà ní òun ò ní gbé e fún mi àfi tóun bá wá wo ilé wa ní Sátidé. Yàrá méjì àti pálọ̀ ni. Fèrèsé lúfà ni gbogbo rẹ̀, nẹ́ẹ̀tì méjì ti ya. Bálíkónì ní irin, àmọ́ àlàfo àárín irin rẹ̀ gba ìkúùkù mi. Ọmọ mi obìnrin jẹ́ ọmọ ọdún 6, mo sì lóyún oṣù mẹ́rin. Ìyá ọkọ mi ń gbé lọ́dọ̀ wa, wọ́n ní àwọn ò lè sùn nínú ilé tí ológbò á ti máa ké lóru. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ òótọ́ fún mi. Mi ò fẹ́ jẹ́ ẹni tó máa tún lé ẹranko yìí síta lẹ́ẹ̀kejì.

Ìyá Ìbejì, Abẹ́òkúta
Àǹtí, bálíkónì yẹn ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ mójú tó. Alángbá ni tèmi lé. Mò ń ṣa ẹ̀wà lọ́wọ́ nígbà tí mo gbọ́ ìró kan, gbì, lórí páànù tí wọ́n fi bo jẹnẹrétọ̀ nísàlẹ̀. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ṣẹ́, ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ló fi wọ́ ọ. Ẹ ra wáyà tí wọ́n fi ń ṣe ilé adìyẹ, kí ẹ ní kí kápẹ́ńtà ta á láti ilẹ̀ dé òkè àjà. Nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn ò tó, èékánná kan ló máa fi ya á.

Ọmọ Ẹ̀gbá
Èmi o, ẹ jẹ́ kó di ẹ̀yìn ìbímọ. Iṣẹ́ ọmọ tuntun ò kéré.

Dókítà ẹran, Ìbàdàn
Oyún nìkan kò ní kẹ́ ẹ má gba ológbò. Kòkòrò àìfojúrí kan wà tó lè bá ìgbẹ́ ológbò jáde, tí aboyún bá sì kó o fún ìgbà àkọ́kọ́, ó lè pa ọmọ inú lára. Àmọ́ ó máa ń gbà tó ọjọ́ kan sí márùn-ún lẹ́yìn tí ìgbẹ́ náà bá jáde kó tó lè ran èèyàn. Nítorí náà, kí ọkọ yín máa kó yanrìn tó ń yàgbẹ́ sí dànù lójoojúmọ́, kẹ́yin má fọwọ́ kàn án. Ẹ má sì fún un ní ẹran tútù tí wọn ò sè.

Ní ti igbe òru tí Màmá ń bẹ̀rù: abo tó ń wá akọ ló máa ń ké bẹ́ẹ̀, bí ọmọ ìkókó. Ẹ béèrè bóyá wọ́n ti ṣe iṣẹ́ abẹ tí kò ní jẹ́ kó lóyún mọ́. Tí wọ́n bá ti ṣe é, igbe yẹn máa ń lọ. Orógun ò jìnnà sí ilé ìwòsàn ẹranko Yunifásítì Ìbàdàn, ẹ gbé e lọ gba abẹ́rẹ́ dìgbòlugi níbẹ̀.

Ẹ tún kìlọ̀ fún gbogbo ilé: kò gbọ́dọ̀ jẹ ọbẹ̀ yín, alùbọ́sà máa ń ba ẹ̀jẹ̀ ológbò jẹ́. Parasitamọ́ọ̀lù sì lè pa á, kódà bó kéré.

Ayálégbé, Ṣómólú
Kò sẹ́ni tó tíì dárúkọ májèlé eku. Ilé tèmi mọ́, ará ìsàlẹ̀ ló da tiẹ̀ sẹ́yìn gọ́tà. Eku tó bá jẹ ẹ́ kì í lè sáré mọ́, á máa ta gọ́ọ́gọ́ọ́ lójú mọmọ, òun gan-an sì ni ológbò máa rí mú. Ọjọ́ kẹta ni tèmi kú. Ẹ kan ilẹ̀kùn gbogbo ayálégbé, kẹ́ ẹ sì gbàṣẹ lẹ́nu onílé kí Sátidé tó pé.

Ará Peckham
Nígbà tí wọ́n wá wo ilé wa ní Lọ́ńdọ̀nù níbí, wọn ò tiẹ̀ ka iye yàrá. Ìwé onílé ni wọ́n kọ́kọ́ béèrè, wọ́n wá ní, "Níbo ló máa sá sí tẹ́rù bá bà á?" Mi ò lè fèsì. Ẹ ya igun kan sọ́tọ̀ fún un, ẹ gbé páálí sí i, kẹ́ ẹ sì fi í sí yàrá kan ṣoṣo fún ọjọ́ díẹ̀. Ẹ sọ fún ọmọ yín kó má fà á jáde.

Ẹni tó béèrè
Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín. Onílé ti gbà. Wọ́n ti ṣe iṣẹ́ abẹ náà fún un. Ará ìsàlẹ̀ tiwa náà ní òótọ́ ni, òun da májèlé sẹ́yìn kíṣìnì. Ó ti ń gbá a kúrò, pańpẹ́ ló máa lò. Ọjọ́bọ̀ ni kápẹ́ńtà ń bọ̀.

Mo fi fọ́tò ọrùn rẹ̀ han Màmá. Wọ́n wò ó pẹ́, wọ́n ní, "Ta ló so ó báyìí?" Mo ti bẹ obìnrin náà kó sún ìbẹ̀wò rẹ̀ sí Sátidé tó tẹ̀ lé e, kí wáyà lè parí. Màmá ní àwọn fẹ́ wà nílé tó bá dé.