Irú páìpù wo ni kí n fi ṣe ẹ̀gùn ọdẹ àti àkàbà rẹ̀?

Ọdẹ Gwagwalada

Ẹ kú ojúmọ́ o, ẹ̀yin ará. Oko ọkà bàbà mi wà lápá Paikon-Kore. Ọ̀bọ àti ìmàdò ti fẹ́ jẹ ẹ́ tán. Igi igbá ńlá kan wà létí oko, mo fẹ́ ṣe ẹ̀gùn sára rẹ̀ kí n lè máa ṣọ́ wọn láti òkè: ìjókòó kan àti àkàbà ẹsẹ̀ bàtà 15. Igi ni bàbá mi máa ń so pọ̀ fún tirẹ̀ ní Ìsẹ́yìn, ṣùgbọ́n ikán ibí yìí kì í jẹ́ kí igi pẹ́.

Àbúrò mi tó wà ní Amẹ́ríkà ní kí n ra àlùmíníọ̀mù torí pé ó fúyẹ́. Ẹni tó ń ta páìpù ní páìpù omi galvanized, irin tí wọ́n fi síǹkì bò, ló dáa jù. Mo wọn kìlógíráàmù 92, ọ̀kadà ni mo sì fi ń lọ oko, àkàbà náà gbọ́dọ̀ ṣeé tú. Èwo ni kí n rà?

Wẹ́dà Dei-Dei

Ẹ kú oko, ẹ̀gbọ́n ọdẹ. Ọdún 19 rèé tí mo ti ń jó irin. Ẹ má tìtorí pé páìpù tóbi kí ẹ gbà pé ó le. Bí ara rẹ̀ ṣe nípọn tó ni kí ẹ wò.

Òótọ́ ni pé àlùmíníọ̀mù fúyẹ́, kò ju bí ìdá mẹ́ta ìwọ̀n irin lọ. Ṣùgbọ́n ó ní ẹ̀rọ àti gáàsì tí wọ́n fi ń jó o, ibi tí iná bá sì ti kàn án máa ń rọ̀. Mi ò lè fi ẹ̀rọ tí mo ní jó o kí n tún ní kí ọmọ ẹnìkan gùn ún.

Galvanized ńkọ́? Síǹkì ara rẹ̀ ni ìṣòro. Nígbà tí mo ṣì wà lẹ́nu ẹ̀kọ́ṣẹ́, mo jó o nínú ṣọ́ọ̀bù tí a ti ilẹ̀kùn rẹ̀. Nígbà tó máa fi di alẹ́, ara mi ń gbọ̀n bí ti aláìsàn ibà, gbogbo ẹnu mi ń ta bí irin. Bí ẹ bá rà á náà, ẹ jẹ́ kí wẹ́dà kọ́kọ́ fi ẹ̀rọ lọ síǹkì náà kúrò níbi tó máa jó, kó sì ṣe é níta gbangba.

Èyí tí èmi máa rà ni páìpù irin onígun mẹ́rin. Fún òró méjèèjì, ìyẹn irin gígùn ẹ̀gbẹ́ àkàbà, ínṣì kan àbọ̀, tó nípọn ní mìlímítà 2. Fún irin ìtẹ̀sẹ̀, ínṣì kan, mìlímítà 1.5. Ẹ má ra 1.2 rárá, iná á jó o lu. Àkàbà yín kò ní ju nǹkan bí kìlógíráàmù 26 lọ, bí a bá sì gé e sí mẹ́ta, ọ̀kadà á gbé e. Páìpù ínṣì kan àti ìdámẹ́rin máa ń wọ inú èyí tó tóbi yẹn, òun la máa fi so wọ́n pọ̀, ká fi bóòtì dè é. Ẹ fi irin kan gbá àkàbà mọ́ igi láàárín, kó má baà tẹ̀.

Ẹ gbé kálípà tí wọ́n fi ń wọn bí irin ṣe nípọn tó dání lọ sọ́jà. Ẹlòmíì á ní mìlímítà méjì ni, kó sì jẹ́ 1.6.

Lọ́dún tó kọjá, ọkùnrin kan gbé àkàbà tó fi ń gun táńkì omi wá fún mi pé kí n jó irin ìtẹ̀sẹ̀ kan padà. Ọ̀dà tuntun ló wà lára rẹ̀, ó ń dán. Mo fi ẹnu súkúrúdíráfà kan ìdí rẹ̀, ó wọlé bí ìgbà tí ọ̀bẹ bá kan mọ́ínmọ́ín. Inú ló ti dípẹtà. Torí náà a máa dí orí páìpù pa, a ó sì lu ihò kékeré sísàlẹ̀ kí omi rí ọ̀nà jáde. Bí mo bá sì jó ìjókòó náà tán, a ó gbé e kọ́ nílẹ̀ẹ́lẹ̀, ká di àpò sìmẹ́ǹtì mẹ́rin lé e kí ẹ tó gùn ún.

Àgbà Ọdẹ Kuje

Ọmọ mi, òótọ́ ni wẹ́dà sọ. Ṣùgbọ́n irin máa ń pariwo. Bàtà rẹ á kàn án báyìí, ìmàdò á ti gbọ́. Wá rọ́bà inú táyà, gé e tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́, kí o sì fi wé gbogbo irin ìtẹ̀sẹ̀ àti etí ìjókòó. Lẹ́yìn tí o bá kùn ún, fi í sílẹ̀ níta fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí òórùn ọ̀dà tó kúrò.

Bẹ́líìtì tó gbá àyà àti itan mú ni kí o wọ̀, kì í ṣe okùn ìbàdí, kí o sì ti so ó mọ́ igi kí o tó kúrò nílẹ̀. Má ṣe gbé ìbọn gòkè. Yọ ọta rẹ̀, fi okùn fà á tẹ̀lé ara rẹ tí o bá ti jókòó tán. Ọ̀rẹ́ mi kan já bọ́ láti orí ẹ̀gùn, láti ìgbà náà ni kò ti lè rìn dáadáa mọ́, kò sì ga tó ẹsẹ̀ bàtà 15 tí ò ń wí yìí.

Ta ló ni igi igbá yẹn? Àwọn Gbagyi máa ń ká igbá wọn. Lọ rí onígi àti baálẹ̀ kí o tó de irin mọ́ ọn.

Ọdẹ Gwagwalada

Ẹ ṣé gan-an, bàbá. Ẹ ṣé, ẹ̀gbọ́n wẹ́dà. Mo ti dé ọjà lónìí. Ṣọ́ọ̀bù méjì àkọ́kọ́ ní méjì ni tiwọn, kálípà ní 1.6 ní ọ̀kan, 1.7 ní èkejì. Ẹ̀kẹta ni mo ti rí méjì gan-an. Mo ra ọ̀pá ínṣì kan àbọ̀ méjì, ti ínṣì kan ẹyọ kan, àti ègé kékeré fún ìsopọ̀. Onígi ti gbà, ó ní kí n má ṣáà kan ìṣó mọ́ ọn. Lọ́jọ́ Sátidé ni mo máa kó irin wá sí Dei-Dei.