"Iná amúhù" kọ́: kí ni iná fẹ́ mú hù?

Láti ọwọ́ Ọmọ Ìbarà

Bàbá Akọ̀wé, mo kí yín o, àti gbogbo àgbà tó wà ní ìjókòó. Ọ̀rọ̀ tí ẹ gbé kalẹ̀ lánàá, pé kí a máa pe iná LED tí wọ́n ń tàn sórí ọ̀gbìn nínú ilé ní "iná amúhù", kò bá mi lára mu rárá. Kì í ṣe "iná" ló ń bí mi nínú, kì í ṣe "amú" náà. "Hù" ni.

Kí ló ń hù? Irúgbìn ló ń hù. Àgbàdo hù, ewédú hù, koríko hù sójúde. Nígbà tí kóró bá ti la ilẹ̀ yọ, iṣẹ́ "hù" ti parí nìyẹn. Láti ibẹ̀ lọ, ó ń yọ ewé, ó ń dàgbà, ó ń so. Iná yìí kò sì níṣẹ́ tó ń ṣe kí kóró tó yọrí. Inú òkùnkùn ilẹ̀ ni tòmátì àti ata rodo ti ń hù. Omi àti ooru ni wọ́n ń wá. Ẹni tó bá gbọ́ "amúhù" yóò so iná kọ́ sórí tíréè tó jẹ́ pé kóró lásán ló wà nínú rẹ̀, yóò tàn án fún wákàtí 16, ojú ilẹ̀ yóò gbẹ, kóró tó ti mu omi díẹ̀ yóò kú síbẹ̀, olúwarẹ̀ yóò sì máa bú ẹni tó ta irúgbìn fún un.

Ohun tó yẹ ni pé kí ẹ fi ọ̀rá bo tíréè, kí ẹ gbé e síbi tó móoru. Ọjọ́ tí orí àkọ́kọ́ bá yọ, ọjọ́ náà gan-an ni kí ẹ ṣí ọ̀rá, kí ẹ gbé e sábẹ́ iná. Bí ẹ bá fi falẹ̀ fún ọjọ́ méjì péré, ọmọ tòmátì á ti na ọrùn bíi lékeléke, ìdí rẹ̀ á funfun, atẹ́gùn fáànù lásán á sì dà á wó. Iná kankan kò lè dá ọrùn yẹn padà mọ́. Ẹ kàn lè rì í mọ́lẹ̀ títí dé abẹ́ ewé àkọ́kọ́ nígbà tí ẹ bá ń ṣí i gbìn, torí tòmátì ń ta gbòǹgbò lára ìtì.

Àwọn tó ń tẹ Ìwé Ìròyìn ní Abẹ́òkúta níbí ní 1859 kò fi orúkọ da ẹnikẹ́ni láàmú. Ìwé ni, ìròyìn ló gbé. Tèmi ni "iná abọ́gbìn": ó ń bọ́ ọ̀gbìn. Ó parí.

Láti ọwọ́ Akọ̀wé Ìtòkú

Ọmọ Ìbarà, o kú làálàá. Kò tíì parí. Létúùsì ńkọ́?

Ọ̀pọ̀ irú létúùsì ni kì í hù dáadáa nínú òkùnkùn. Ojú ilẹ̀ la máa ń wọ́n ọn sí. Bí a bá tilẹ̀ máa bò ó, ilẹ̀ tí a bù lé e kò gbọdọ̀ ju mìlímítà 3 lọ. Wọ́n ti dán an wò ní Beltsville ní Amẹ́ríkà ní 1952: ìmọ́lẹ̀ pupa tó wà ní nǹkan bíi nánómítà 660 (òṣùwọ̀n gígùn ìgbì ìmọ́lẹ̀) ń jí kóró létúùsì, èyí tó wà ní 730 á tún rẹ̀ ẹ́ sùn padà. Pupa 660 yẹn gan-an ló wà nínú iná tí à ń sọ yìí. Ó mú un hù, àbí kò mú un hù? Ìwọ tó mọ iṣẹ́ òkùnkùn, má dá òṣùpá lóró. (Ooru nìkan ló lè bà á jẹ́: bí tíréè bá gbóná kọjá 30 lórí òṣùwọ̀n Sẹ́lísíọ́ọ̀sì, bó ṣe máa ń rí níbí nínú oṣù Kẹta, létúùsì kò ní hù bí ẹ fi gbogbo iná ayé tàn án.)

Wàyí o, "abọ́gbìn" tìrẹ. Yọ àmì orí rẹ̀ kúrò, nítorí kò sẹ́ni tó ń fi àmì sí ọ̀rọ̀ lórí fóònù. Abọ̀rìṣà, abọgibọ̀pẹ̀, abọ̀gbìn! Àwọn ọmọ yóò rò pé ẹlẹ́sìn tuntun ló dé. Bí a bá sì fi ohùn sí i dáadáa, irọ́ ṣì ni, torí iná kì í bọ́ nǹkan. Ajílẹ̀ ló ń bọ́ ọ. Iná ni ewé fi ń dáná oúnjẹ tirẹ̀. Ẹni tó bá gbà pé iná ń bọ́ ọ̀gbìn yóò tan iná líle láìbu ajílẹ̀. Bí ewé ṣe ń sáré dàgbà ni náítírójìn, oúnjẹ ewé tó wà nínú ajílẹ̀, á tán, ewé ìsàlẹ̀ á kọ́kọ́ pọ́n, òun á sì ní iná ló jó o.

Ìwé Ìròhìn ni wọ́n tẹ̀ ní 1859, kì í ṣe Ìròyìn. H ló wà níbẹ̀. Ọmọ Ẹ̀gbá ni ọ́, kò yẹ kó jẹ́ èmi ni màá sọ ọ́ fún ọ.

Láti ọwọ́ Ìyá Ẹlẹ́fọ̀ọ́, Láfẹ́nwá

Ẹ̀yin ọmọ Lísàbí, ẹ kú ìjà. Ẹni tó bá rí i láti ojú fèrèsé, "iná elésè àlùkò" ló máa pè é, ẹ̀yin ẹ máa fa hù àti bọ́.

Ṣùgbọ́n èmi náà kò gba ti àwọ̀. Ó rí bẹ́ẹ̀ nítorí pupa àti búlúù nìkan ni wọ́n tò sínú rẹ̀. Abẹ́ irú iná bẹ́ẹ̀, gbogbo ewé ló dúdú. Ewé tó ń pọ́n, èyí tí kòkòrò ti fa omi ara rẹ̀, èyí tó ní àmì àrùn, ojú ò lè yà wọ́n sọ́tọ̀ àfi tí ẹ bá gbé e bọ́ síta. Èyí tó funfun ló dáa jù fún ẹni tó fẹ́ máa wo ọ̀gbìn rẹ̀. Kódà gílóòbù LED funfun tí wọ́n kọ 6500K sí lára (àmì pé ó funfun bí ojú ọ̀sán), èyí tí ẹ ń tàn ní pálọ̀, ń tọ́ ọmọ tòmátì dáadáa tí ẹ bá sún un mọ́ ọn tó sẹ̀ǹtímítà 15 sí 20. Iná kan náà ni; iṣẹ́ tí a rán an ló yàtọ̀. Ìdí nìyí tí mo fi fara mọ́ "iná ọ̀gbìn" lásán, bíi omi ìwẹ̀, bí ilé ìdáná.

Ẹ ò sì sọ̀rọ̀ ewédú. Ọjọ́ kúkúrú ló ń mú ewédú yọ òdòdó. Èyí tí a gbìn lóṣù Kejìlá, ewé rẹ̀ kì í tíì pọ̀ tó fi ń yọ òdòdó. Bí a bá tan iná kún ọ̀sán títí ó fi pé wákàtí 14, òdòdó á pẹ́, ewé á pọ̀. Iṣẹ́ iná níbẹ̀ ni láti dí nǹkan lọ́wọ́. Ṣé "amúhù" náà nìyẹn, Bàbá Akọ̀wé?

Fún ẹni tó fẹ́ rà á: ẹ má wo 1000 tí wọ́n kọ gàdàgbà sára páálí. Ẹ béèrè iye wáàtì tó ń fà gan-an. Nígbà mìíràn kò ju 100 lọ. Èyí tó ń fa 100, fún wákàtí 16, ń jẹ yúnìtì 1.6 lójúmọ́. Bátìrì fóltì 12, 200Ah, tí ó jẹ́ ti ásíìdì, kò gbọdọ̀ fà kọjá ìdajì, ìyẹn yúnìtì 1.2, nítorí náà kò lè gbé e dálẹ́ láìjẹ́ pé sólà tàbí iná ìjọba ràn án lọ́wọ́. Bí iná bá lọ fún wákàtí méjì, létúùsì kò ní kú. Àpapọ̀ ìmọ́lẹ̀ ọjọ́ kan ló ń kà. Tí ìmọ́lẹ̀ µmol 250 (mílíọ̀nù kan µmol ló ń jẹ́ mol kan) bá ń bọ́ sórí mítà onígun mẹ́rin kan ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan fún wákàtí 16, àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ mol 14.4, bẹ́ẹ̀ mol 12 sí 17 lójúmọ́ ni létúùsì ń fẹ́. Ẹ kàn tàn án pẹ́ sí i lálẹ́.

Ohun tó sì ń kọ́kọ́ kú kì í ṣe LED, dúráífà rẹ̀ ni, àpótí kékeré tó ń ṣètò iná tó ń wọ inú rẹ̀. Ohun tó ń pa á ni ooru, ọ̀rinrin, àti iná tó wọlé ní agbára jù. Ẹ gbé dúráífà jìnnà sí ibi tí ẹ ti ń fọ́n omi. Wáyà rẹ̀, ẹ jẹ́ kó kọ́kọ́ rọ̀ wá sísàlẹ̀ kó tó gòkè wọ sọ́kẹ́ẹ̀tì, kí omi tó bá ń tọ̀ ọ́ bọ̀ lè kán sílẹ̀ níbi tó ti tẹ̀.

Láti ọwọ́ Ọmọ Ìbarà

Ìyá wa, ẹ ṣeun, mo ti da bátìrì náà rò. Ṣùgbọ́n "iná ọ̀gbìn": ṣé iná tí wọ́n gbìn ni, àbí iná tí ọ̀gbìn ní? Omi ìwẹ̀, à ń fi wẹ̀ ni. A kò ní fi iná gbìn.

Bàbá Akọ̀wé, mo gbà pé ewé ń dáná. Mo yọwọ́ nínú "abọ́gbìn". Létúùsì kan ṣoṣo kò sì lè sọ gbogbo oko lórúkọ, mi ò yọwọ́ níbẹ̀. Ní ti H, ìkọsílẹ̀ àtijọ́ ni, kì í ṣe bí ẹnu ṣe ń pè é.

Láti ọwọ́ Akọ̀wé Ìtòkú

Ẹnu ta ni?

Mo yọ̀ǹda tòmátì àti ewédú fún yín. Létúùsì ṣì jẹ́ tèmi, "hù" ṣì jẹ́ tèmi. A ó sọ ti H lọ́la, ẹni tó bá ní ẹ̀dà ìwé ọ̀hún kó gbé e wá.